Sítì ẹ́ńjìnnì ti ìsàlẹ̀ nìkan ti tó, ẹ fi tòkè sílẹ̀ jọ̀ọ́

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá wa gbé ìwé ìròyìn yìí jáde, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Iṣẹ́ mẹkáníìkì Wagen ni mò ń ṣe ní Mushin níbí, mi ò kì í ṣe òǹkọ̀wé, torí náà ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí kò bá ti gún. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé sójú ìwé ọkọ̀ níjọ́sí, ti bọ̀ọ̀dá tó ní Golf GTI yẹn, tó ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ní mọ́tò kékeré tó gbóná, tó ní tọ́bò, lọ yọ sítì ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, dànù kó fi pọ́lì (polyurethane, ike kan tó dà bí rọ́bà àmọ́ tó le jù ú lọ) sí gbogbo ẹ̀, kó sì mú èyí tó le jù nínú pọ́lì ọ̀hún, pé mọ́tò náà á jí, pé agbára ẹ̀ á lé sí i. Látìgbà tí lẹ́tà yẹn ti jáde làwọn kọ́sítómà ti ń ká ìwé ìròyìn yín mọ́ abíyá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fìka tẹ̀ ẹ́, "Ọ̀gá, èyí gan-an lẹ máa bá mi ṣe." Mo ní kí n yáa dá gbogbo wọn lóhùn pọ̀ níbi tí wọ́n ti kà á.

Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá yẹn ò burú tán o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìdajì ẹ̀ dáa. Bọ́ọ̀ṣì sítì tó wà nísàlẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ GTI lẹ ní, ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe é, èmi gan-an máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n ṣe é. Méjì tòkè ni mi ò fara mọ́, ti agbára tó ní á lé sí i yẹn sì rèé, irọ́ ni, kò sí ẹṣin kankan nínú rọ́bà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì ò kàn jókòó lórí irin bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ irin ló kan irin ni, tẹ́ ẹ bá ti sítáàtì ẹ̀ eyín yín á máa gbá ara wọn lẹ́nu. Rọ́bà ló wà láàárín. Ẹ jẹ́ ká fi Golf 5 GTI ṣàpẹẹrẹ torí òun lọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń wà, òun náà sì ni mo mọ̀ bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, èyí tí Volkswagen kọ́kọ́ gbé jáde ní 2004 yẹn, ẹ́ńjìnnì 2.0 TFSI, agbára ẹṣin 200, tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára tó fi ń yí nǹkan, 280 Nm. Sítì mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà lókè lápá ọ̀tún, lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, níbi tí bẹ́líìtì táímìn wà, inú èyí ni wọ́n rọ omi kan sí kó lè máa gba jìgìjìgì mọ́ra. Ìkejì wà lókè lápá òsì, gíábọ́ọ̀sì ló gbé. Àwọn méjèèjì yìí ló ru ẹrù, gbogbo ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ọrùn wọn ló wà. Ìkẹta wà nísàlẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá rá wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ máa rí i, irin kékeré kan tó fẹ̀ lórí tó fẹ̀ nídìí, dog bone là ń pè é, orí kan wọ gíábọ́ọ̀sì, orí kejì wọ inú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ńlá kan lára irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Èyí ò ru ẹrù kankan o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju pé kó di ẹ́ńjìnnì mú kó má dojú délẹ̀.

Torí kí ni ẹ́ńjìnnì ṣe máa fẹ́ dojú délẹ̀? Torí pé bó ṣe ń yí táyà síwájú lòun náà ń fẹ́ yí sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá tẹ iná orí ẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ìdí ẹ̀ á lọ síwájú. Agbára yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, 280 Nm yẹn, ní jíà kìíní, gíábọ́ọ̀sì á ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ṣáàfù tó ń yí táyà, a ti wà ní Nm tó lé ní 3,000 nìyẹn, bíi kéèyàn so àpò sìmẹ́ńtì méje kọ́ ẹnu ọ̀pá tó gùn ní mítà kan. Tẹ́ ẹ bá wá ti gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe remap, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè lágbára sí i, tí tọ́ọ̀kì ẹ̀ ti di nǹkan bíi 350 Nm, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò ẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà kan tó ti ń jẹ ooru Èkó látọjọ́ tó ti wọ̀lú, tó ti jẹ ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kó tó di tòkunbọ̀, òun lẹ ní kó di ìyẹn mú.

Kò lè dì í mú, ẹ sì máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí kúrò lójú kan pẹ̀lú agbára, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀, táyà á dì mọ́ títì, á já, á tún dì mọ́ ọn, á tún já, ẹ́ńjìnnì náà á máa fì síwá sẹ́yìn bá a, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ níwájú ni gbà-gbà-gbà-gbà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi òòlù lu abẹ́ mọ́tò. Àwọn kan á ní ṣọkù ni, wọ́n á ra ṣọkù tuntun, kò ní lọ. Àwọn kan á ní ṣáàfù ni. Gbà-gbà yẹn ló sì ń já ibi rírọ̀ lára páìpù sàlẹ́ńsà, òun ló ń mú họ́ọ̀sì tọ́bò bọ́ kúrò lẹ́nu páìpù lójijì lórí bíríìjì táwọn èèyàn á wá máa fọn fèrè lẹ́yìn yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń wa mánúà, ẹ máa ń gbọ́ kọ̀ tẹ́ ẹ bá ti jíà kìíní bọ́ sí ìkejì, ọ̀pá jíà á máa mì lọ́wọ́ yín bí ẹni ń bọ̀ yín lọ́wọ́.

Ibi tí bọ̀ọ̀dá yẹn ti gba nìyí. Rọ́bà tí Volkswagen fi sínú bọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ yẹn kò kún, wọ́n dá ihò sí i lára lọ́tùn-ún lósì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó lè rọ̀, torí wọn ò mọ ẹni tó máa rà á, ó lè jẹ́ màmá àgbà tó ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ohun tí wọ́n ń tà wá ni pọ́lì tí wọ́n gé bí ihò yẹn gẹ́lẹ́, ẹ máa tì í wọ inú ihò ọ̀hún, bọ́ọ̀tì á dì í mú, ó parí. Ẹ ò ní láti fi máṣíìnì tẹ bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ jáde tí kò bá tíì ya, rọ́bà náà ṣì wà níbẹ̀, pọ́lì kàn wá ràn án lọ́wọ́ ni. Àwọn tí wọ́n ń tẹ gbogbo bọ́ọ̀ṣì jáde tí wọ́n ń fi pọ́lì odidi rọ́pò ẹ̀ náà wà o, ó dáa fún ẹni tí bọ́ọ̀ṣì ẹ̀ bá ti ya tán, ṣùgbọ́n ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú mọ́tò á sì gbọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe tìsàlẹ̀, kò nílò kéèyàn máa wá a kiri. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná, mọ́tò á lọ lójú ẹsẹ̀, kò ní kọ́kọ́ ro ó wò. Jíà á wọlé pẹ́pẹ́. Gbà-gbà-gbà á lọ, tàbí kó kù fẹ́ẹ́rẹ́. Òun lẹni tó ṣe é á fi wá máa sọ pé agbára ọkọ̀ òun ti pọ̀ sí i. Agbára ò kúrò ní 200 o, èyí tó ń ṣòfò síbi kí ẹ́ńjìnnì máa jó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kò ṣòfò mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé tòkè, torí ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin, tó bá dúró lójú kan tó ń yí ní 800 ní ìṣẹ́jú kan, iná á bú nínú ẹ̀ bí ìgbà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tó bá bú ló ń fún ọkọ̀ ní jìgì kan. Rọ́bà òkè méjèèjì àti omi tó wà nínú ti ọ̀tún ló ń gbé jìgì yẹn mì tẹ́ ẹ ò fi mọ̀. Lójú eré, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ní 3,000, ó ti di ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó ti yá ju kéèyàn mọ̀ ọ́n lára lọ dáadáa, ibi tí ìyà wà ni ibi ìdúró. Níbo làwa sì ti ń lo ayé wa nínú ọkọ̀ ní Èkó? Ibi ìdúró ni! Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú Road, orí Third Mainland ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀ṣọ́dì, AC wà ní títàn torí ooru ò jẹ́ kéèyàn pa á, kọ̀ǹpírésọ̀ AC yẹn náà sì ń ti ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, jíà wà ní D, ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ibẹ̀ gan-an ni pọ́lì òkè ti máa fi hàn yín pé òun dé.

Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, Golf 5 dúdú, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Island tó ń gbé Ìkòròdú. Ibòmíì ni wọ́n ti ṣe é, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pọ́lì dúdú tó le bí òkúta. Mo jókòó sínú ẹ̀, mo tan AC, mo fi sí D. Díńgí àárín ń gbọ̀n débi pé ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi di méjì lójú mi. Ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ojú omi ẹ̀ ń hó bí ẹni pé ó wà lórí sítóòfù. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń kígbe níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo fọwọ́ tẹ ọ̀kan, ó dákẹ́, ìkejì gbà á. Mo ní, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe ń gbé èyí dé Island lójoojúmọ́?" Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní tó bá rin díẹ̀ ó máa rọ̀." Òótọ́ ni pé pọ́lì máa ń fara balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le bí òkúta ò ní di fùkẹ̀fùkẹ̀ láéláé. Àfi ká yọ méjì tòkè kúrò ká dá rọ́bà padà, a fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní pọ́lì, a kàn mú èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ẹ̀ dùn títí ó fi bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé tìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ líle àti rírọ̀ yìí, ẹ má fojú di í. Wọ́n ń fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n, Shore A ni wọ́n ń pè é, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni rọ́bà ṣe ń le. Powerflex tó jẹ́ ti Ìlú Ọba, àwọ̀ ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ pọ́pù 80 ni, èyí tó jẹ́ dúdú 95, dúdú yẹn àwọn tó ń sáré ìdíje ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀kan wà tó le jù, òun náà ni wọ́n á rà, wọn ò ní bi ara wọn pé ìdíje wo làwọn ń lọ. Fún ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, tó wá ń ṣe bí ọmọkùnrin díẹ̀ lójú títì Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀, èyí tó bá rọ̀ jù lórí káńtà ló máa mú, tìsàlẹ̀ nìkan, ó ti tó.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí tìsàlẹ̀ ò fi ní mú mọ́tò gbọ̀n bíi tòkè, ṣebí pọ́lì kan náà ni. Á gbọ̀n díẹ̀, mi ò ní tàn yín, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, àti tẹ́ ẹ bá fi í sí rífáàsì. Ṣùgbọ́n ẹrù ò sí lórí tìsàlẹ̀, tó bá wà lójú kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná ló ń wọṣẹ́. Tòkè ò ní ìsinmi ní tiwọn, tọ̀sán tòru ni ẹ́ńjìnnì wà lọ́rùn wọn.

Kẹ́ ẹ tó náwó sí pọ́lì kankan sá, ẹ kọ́kọ́ yẹ tòkè wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Sítì ọ̀tún yẹn, tí omi inú ẹ̀ bá ti jò, ẹ máa rí ipa ọ̀rá dúdú kan tó ṣàn sílẹ̀ lára ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ti jókòó sílẹ̀ lápá kan, ẹ wá lọ fi pọ́lì sísàlẹ̀, ṣe ni pọ́lì máa di ẹ́ńjìnnì mú níbi tí kò yẹ kó wà. Gbígbọ̀n ọjọ́ yẹn, ẹ ò ní í gbàgbé ẹ̀. Ẹ tún wo òkè ibẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò sórí ẹ̀, rọ́bà ò bá ọ́ìlì ṣọ̀rẹ́, á wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, á ya, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sítì tẹ́ ò dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò ẹ máa padà wá rà á.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá sítì ti lọ: ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó fa hándíbíréèkì sókè, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó wá fi sí D kó fún un níná fẹ́ẹ́rẹ́, kó mú un kúrò, kó fi sí R kó tún fún un fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí o, ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ láéláé, mi ò bìkítà bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe gbọ́n tó. Tí ẹ́ńjìnnì bá mi orí díẹ̀ tó dúró, kò sí wàhálà. Tó bá fò sókè bí ẹni tí wọ́n ta lábẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ sì gbọ́ kọ̀, ọ̀kan ti lọ nínú mẹ́ta.

Àti pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ni sítì ẹ̀ bàjẹ́. TFSI yìí, kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná máa ń kú nínú ẹ̀, ẹni tó bá ní Wagen mọ ohun tí mò ń sọ, tí ọ̀kan bá ti kú nínú mẹ́rin ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ lè ra sítì tó máa kún búùtù ọkọ̀, kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn fáàfù ẹ̀ ń dọ̀tí, torí epo ò gba ẹ̀yìn fáàfù kọjá nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú písítìn ni wọ́n ń fọ́n ọn sí tààrà, kò sí ohun tó ń fọ fáàfù, èédú á wá máa gbá jọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sikáànù ẹ̀ ná. Ìyẹn ò wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń dè é náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwa mẹkáníìkì ti ń kánjú. Tìsàlẹ̀ ò le, ẹ gbé ọkọ̀ sókè dáadáa, kì í ṣe jáàkì nìkan o, ẹ fi sítáńdì tì í, bọ́ọ̀tì méjì ló mú dog bone mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan ńlá ló mú un mọ́ bọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá tú wọn ẹ́ńjìnnì ò ní já bọ́, òkè ló so kọ́, á kàn máa fì ni. (Tòkè lẹ ò gbọ́dọ̀ tú láìjẹ́ pé ẹ ti fi jáàkì àti pákó gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì.) Àwọn bọ́ọ̀tì yẹn, irú èyí tó ń fà ni, Wagen ní kí wọ́n dè é dé ìwọ̀n kan pẹ̀lú sípánà olówọ̀n, kí wọ́n wá yí i ní dígírì 90 sí i, kí wọ́n má sì tún un lò mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣé àwa ń ṣe bẹ́ẹ̀? A ń fi sípánà gígùn fà á títí ọwọ́ á fi dun wá. Ara gíábọ́ọ̀sì sì rèé, alúmíníọ́ọ̀mù ni, tẹ́ ẹ bá fi ipá yí bọ́ọ̀tì wọ inú ẹ̀, irun inú ẹ̀ á jẹ, ìnáwó tó wà níbẹ̀ ju ti pọ́lì lọ fíìfíì.

Ohun kan tún wà táwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ pé tí wọn ò bá ṣe é mo máa pariwo: kẹ́ ẹ tó de bọ́ọ̀tì ìkẹyìn mọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ mi ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jókòó sí fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dè é. Tẹ́ ẹ bá dè é níbi tó ti ń fa ara, rọ́bà òkè á ti fún pọ̀ lápá kan kí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, á máa gbọ̀n, wọ́n á sì ní pọ́lì ni kò dáa. Ìdajì àwọn tó ń bú pọ́lì, bí wọ́n ṣe dè é ni kí wọ́n lọ bú.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń gé táyà àtijọ́ sínú sítì, tàbí tí wọ́n ń rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì wíńdò iwájú sínú ẹ̀, mo mọ̀ pé ọrọ̀ ajé ò rọgbọ, mo sì mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe ti gọ́ọ̀mù yẹn nílé wọn, kódà tó bá jẹ́ pé ó mọ́ tónítóní tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa ó máa ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ti táyà yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Táyà ní wáyà nínú. Mo ti tú sítì kan rí tí wáyà táyà ti gún rọ́bà tó kù nínú ẹ̀ yángayànga. Sítì òkè ti ọ̀tún, tí owó bá máa wà fún ohun kan, òun ni kí owó wà fún, tuntun tó dáa, Lemförder tàbí Corteco, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó jáde látinú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti kú, torí rọ́bà ń darúgbó bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò wà á. Lọ́pọ̀ ìgbà sì ni pọ́lì kékeré tìsàlẹ̀ yẹn kì í tó owó sítì ọ̀tún kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn Golf 5, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ sítì ọ̀tún, torí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí bẹ́líìtì tó lè jáde, ẹ ò ní san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀ọ̀dá tó kọ lẹ́tà, mi ò bá yín jà o. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ìdíje lẹ ní, tẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ìṣẹ́jú àáyá, tẹ́ ẹ ti yọ àga ẹ̀yìn àti AC kúrò, ẹ fi pọ́lì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi dúdú sí i, mo bá yín dé ibẹ̀. Ó ní ẹni tó wà fún. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, ẹ ò yà á, màmá kan sì ti gbé Polo tí kò ní tọ́bò wá bá mi nítorí ìwé yín pé kí n fi pọ́lì sí gbogbo ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi sáré?" Ẹ̀rín pa wọ́n.

Ẹni tó ní Mini Cooper S tàbí Ford Fiesta ST, ọ̀rọ̀ yìí kan yín náà, ìlànà kan náà ni, òkè ló ru, ìsàlẹ̀ ló ń dì mú, sítì ọ̀tún Mini yẹn tó ní omi nínú náà máa ń jò, ẹ wò ó. Golf 3 yàtọ̀ ní tiẹ̀, kò ní dog bone rárá, sítì kan ló wà níwájú nísàlẹ̀ rédíétọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dog bone fún yín tó bá jẹ́ Golf 3 lẹ gbé wá. Ẹ wo ibi iwájú yẹn dípò ẹ̀.

Fún àwọn tó bi mí nípa Golf 6 GTI: dog bone ẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Golf 5, pọ́lì kan náà wọ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ló yí padà, ṣéènì ló ń lò, kò lo bẹ́líìtì mọ́, torí náà ẹ má dúró de ọjọ́ bẹ́líìtì kẹ́ ẹ tó wo sítì ọ̀tún. Golf 7 sì ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tajà kẹ́ ẹ tó sanwó, torí tó bá ti gbé ti Golf 5 lé yín lọ́wọ́, kò ní wọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì Wagen kan,
Mushin, Èkó.